Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kì í Kọjá Láìkíni

Láti ìgbà tí ìyá àgbà mi ti lọ, mo ti ń tètè dé ibi iṣẹ́. Kò dùn mọ́ mi.

Láti Beyerúnkà, níbi tí agboolé wa wà, dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Mọ́lété, ọ̀nà náà kò jìn. Bí ojú títì bá dá, kì í gba àkókò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá wà nínú ọkọ̀, a máa ń lo wákàtí kan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú máa ń bí mi. Ó lé ní ogún ọdún tí inú fi ń bí mi láràárọ̀, tí mo sì ń gbé e mì, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní báyìí, mo máa ń dé kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí géètì. Ó máa ń bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo máa ń sọ fún un pé kò sí. N ó jókòó sínú ọkọ̀, n ó máa wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi. Gbogbo Ọjà'ba ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ, nítorí ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n ń fi ewé dì. Kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún tí wọ́n lò láyé. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Mo dàgbà ju ẹni tó ń béèrè lọ." Wọn kò ga, wọn kò sì sanra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó sínú ọkọ̀, tí wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé rẹ̀, ẹ ó rò pé ọkọ̀ náà kéré fún wọn.

Àwọn náà ló ra ọkọ̀ ọ̀hún, àlòkù aláwọ̀ eérú, kí wọ́n lè máa fi kó ọṣẹ lọ sọ́jà. Èmi ni mò ń wà á. Ìlànà àárọ̀ wa kì í yí padà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, n ó kó agbọ̀n ọṣẹ sínú búùtù. Ìyàwó mi, Mùyínátù, á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá àgbà á wọlé sẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n á ní "Bìsìmílà", wọ́n á fi ìka gbá ẹ̀yìn ìjókòó mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tó lè gbéra. Bí mo bá gbéra kí wọ́n tó gbá a, a ó padà sẹ́nu ọ̀nà lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Ọjà'ba, Mùyínátù á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdí Àrẹrẹ níbi tó ti ń ránṣọ, èmi á sì máa lọ sí Mọ́lété.

Ohun tó ń mú wa pẹ́ ni ìkíni. Ìkíni yẹn kan náà ló sọ mí di olùkọ́. N ó dé ibẹ̀.

Ìyá àgbà kì í kọjá níwájú èèyàn láìkí i. Kì í sì í ṣe pé kí n rọra wa ọkọ̀. Kí n dúró ni. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn kì í gòkè, ì báà jẹ́ eruku, ì báà jẹ́ oòrùn. Wọ́n á yọ orí síta, wọ́n á kí oníkálukú bó ṣe tọ́ sí i. Ẹni tó ń dirun níwájú ilé, wọ́n á ní, "Ojú gbooro o." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, "Ẹ kú ọwọ́ lómi." Ẹni tó ń pàtẹ, "Ajé á wọ igbá." Bàbá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n á kí i pé ó kú ìjókòó. Wọ́n á dúró gba èsì. Wọ́n á béèrè orúnkún tó ń dun ìyá ilé kejì, wọ́n á béèrè ọmọ tó rìnrìn àjò, bóyá ó ti dé. Mùyínátù á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á wò mí. Èmi á wo iwájú.

Lẹ́yìn wa, àwọn takisí á ti tò. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan tẹ fèrè, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà yọ orí síta, wọ́n kọjú sẹ́yìn.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ríbi kọjá. Àwọn èrò ti ń ṣépè fún mi."

"Wọn ò jẹ̀bi. O jí láàárọ̀, o rí ìyá arúgbó, fèrè lo fi kí i."

Ojú ti awakọ̀ náà. Ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Dáadáa ni. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Àkànní, máa wa ọkọ̀ lọ, ọmọ yìí ń kánjú."

Bí a ti ń lọ, wọ́n sọ fún mi pé, "Fèrè kì í ṣe ẹnu."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n kórìíra awakọ̀ tó ń jẹun lórí ìrìn. Wọ́n kórìíra ẹni tó dúró sáàárín títì láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ẹni yẹn ń ṣeré ni, àwọn ń kíni. Alágbo kan wà tó máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkè Mápó, tó ń ka gbogbo àìsàn tó wà láyé sí èèyàn létí kí oòrùn tó mú. Ìyá àgbà á fi ìborùn bo etí. "Kí n tó gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí," ni wọ́n máa ń wí, "ẹ̀yìn ò dùn mí rí."

Kòtò ńlá kan sì wà kí a tó dé Ọjà'ba. Ìyá àgbà sọ ọ́ ní Ṣàtù. Ṣàtù ni orúkọ ìyálé wọn, tí wọ́n ti ń bá jà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, lórí okùn ìsáṣọ, lórí omi, lórí ẹni tí bàbá àgbà fẹ́ràn jù. "Àkànní, yà fún Ṣàtù," ni wọ́n máa ń sọ bí a bá ti súnmọ́ ibẹ̀. Ìyá Ṣàtù gan-an mọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní àgbàlá nírọ̀lẹ́, Ìyá Ṣàtù á béèrè pé, "Ṣé o rí mi lọ́nà láàárọ̀?" Ìyá àgbà á dáhùn pé, "Mo rí yín. Ẹ tún ti jìn sí i."

Nígbà tí Ìyá Ṣàtù kú, ìyá àgbà sunkún ju àwọn ọmọ tí Ìyá Ṣàtù bí lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn kan wá dí kòtò náà, wọ́n da ọ̀dà lé e. Ọkọ̀ wa kọjá lórí rẹ̀ láìmì. Ìyá àgbà ń wo ẹ̀yìn títí a fi dé ọjà. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni n ó wá máa yà fún báyìí?"

Ọdún kẹjọ nìyí tí Mùyínátù ti kú. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo jáde sídìí ọkọ̀ láàárọ̀, mo rò pé èmi nìkan ni n ó lọ. Ìyá àgbà ti wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. Agbọ̀n ọṣẹ ti wà nínú búùtù. N kò mọ ẹni tó kó o síbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ bọ́ síwájú."

"Rárá. Ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín."

Fún ọdún kan gbáko, ìjókòó náà ṣófo. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká gbé òun, ẹ̀yìn ni ìyá àgbà ń fi í sí. Ní gbogbo ọdún náà, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ ní Ọjà'ba mọ́. Wọ́n á bá mi dé Ìdí Àrẹrẹ, n ó dúró díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Mùyínátù, wọ́n á kí àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n á wá wọ takisí padà sọ́jà pẹ̀lú agbọ̀n ọṣẹ wọn. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. N kò béèrè.

Nígbà tí ọdún pé, mo jáde láàárọ̀, mo bá wọn níwájú. Wọ́n ti gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Ó ti ṣófo tó."

Iwájú yẹn ni wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì pàdé. Wọn kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń so nínú ọkọ̀, pé àwọn kò tíì di ẹrù Ọjà'ba. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ó sú mi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lójú títì dá wa dúró ní Bẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé wàhálà dé. Ọmọ náà wo inú ọkọ̀, ó rí ìyá àgbà. Kò sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Àlàáfíà ni. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi okùn yìí kọ́ra. Bí nǹkan bá ṣe yín lójú mi, n ò ní lè sùn."

Ìyá àgbà gbé apá sókè bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ wọ̀ láṣọ. Ọmọ náà de bẹ́líìtì fún wọn. Mo wò wọ́n, mo rántí gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti bẹ̀. Wọ́n rí i pé mò ń wo àwọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó kí mi lè dè mí."

Ìjà kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló jẹ̀bi, wọ́n sì mọ̀. Bàbá Onílẹ̀kùn ni wọ́n bá jà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá Onílẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn ni iṣẹ́ wọn, agboolé wọn kò sì jìnnà sí tiwa. Láràárọ̀, wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, kí wọ́n tó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àgbàlá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, ọ̀fìnkìn mú ìyá àgbà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n yí gíláàsì gòkè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. A kọjá níwájú Bàbá Onílẹ̀kùn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí wa. Ìyá àgbà ń fi ìborùn nu imú, wọn kò rí i. Èmi àti Mùyínátù náà kò rí i. Kó tó di ọ̀sán, iṣẹ́ ti jẹ́ dé Ọjà'ba: Bàbá Onílẹ̀kùn ní kí wọ́n bá òun kí Ìyá Ọlọ́ṣẹ, òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti sọ ìyá di òyìnbó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní àwọn ju Bàbá Onílẹ̀kùn lọ, pé àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Bàbá Onílẹ̀kùn ní òun jókòó, ìyá ló ń kọjá, pé ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó. Wọ́n gbé e lọ bá ààfáà àdúgbò. Ààfáà ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sọ pé kí kékeré kí àgbà. Ó ní ó sì tún sọ pé kí ẹni tó gun nǹkan kí ẹni tó wà nílẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó pa á dé. Níkẹyìn ó ní kí àwọn méjèèjì kí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì kọ̀.

Ọdún méjì ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà á kí ilé tó ṣáájú ti Bàbá Onílẹ̀kùn, wọ́n á kí èyí tó tẹ̀ lé e. Níwájú ilé Bàbá Onílẹ̀kùn, wọ́n á kọjú síwájú. Ibẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ọkọ̀ wa ti máa ń sáré. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ìyá, àwa la jẹ̀bi."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹnu mi ni kò tíì mọ̀."

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Awakọ̀ ni mí nígbà náà, mò ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní Mọ́lété. Bí a bá ń lọ láàárọ̀, tí ọkọ̀ kò rìn, mo máa ń ka pátákó ojú ọ̀nà sókè fún Mùyínátù. Ìyá àgbà ń gbọ́ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Èmi arúgbó lo ń kàwé fún láràárọ̀. Lọ máa kà á fún ọmọdé." Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, bí mo ṣe jókòó láàárín àwọn tí mo lè bí, ọdún lé ọdún, títí ó fi ku ìdánwò àṣekágbá tó máa sọ mí di olùkọ́.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n ń gbà kẹ́yìn. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, ó parí nìyẹn, n ó padà sídìí ọkọ̀ títí ayé. Aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò ní Mọ́lété. Bí aago bá ti lù, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Mùyínátù rán fún mi. A tètè gbéra, ṣùgbọ́n a kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀nà fi dí pátápátá. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ti dojú dé níwájú, yanrìn bo títì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn wa. Kò sí ọ̀kadà kankan nínú òjò yẹn. A jókòó síbẹ̀ títí aago mẹ́jọ fi kọjá.

Mùyínátù ní, "Màmá, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Mo di ìlẹ̀kùn mú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa sáré lọ."

"Jókòó," ni ìyá àgbà wí. "Bí o bá sáré dé, ọwọ́ wo lo máa fi kọ̀wé? Yà sọ́tùn-ún."

"Ìyá, agboolé ló wà lọ́tùn-ún."

"Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń kí wọn láràárọ̀."

Mo yà. Mo wọ inú àgbàlá ilé onílé pẹ̀lú ọkọ̀. Obìnrin tó ń dirun níbẹ̀ ló kọ́kọ́ rí wa. Ó ti gbé àga wọ abẹ́ òrùlé nítorí òjò, àga náà sì wà lójú ọ̀nà wa gan-an. Ó la ẹnu láti pariwo. Lẹ́yìn náà ló rí orí tó yọ síta lójú fèrèsé.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni o. Ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò lọ́nà."

"Ojú gbooro o," ni ìyá àgbà kí i.

"Òo, Ìyá. Níbo lẹ̀ ń gbé ọkọ̀ lọ?"

"Àkànní ló fẹ́ ṣèdánwò. Ìdí Àrẹrẹ la fẹ́ já sí."

Wọ́n gbé àga, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n fa ewúrẹ́. Ẹnì kan tẹ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé kó má bàa ha ògiri. A bọ́ sí agboolé kejì. Ìró wa ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ti ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, bàbá kan sì dúró sínú òjò tó ń fọwọ́ júwe fún mi bí ẹni tó ń gbé ọkọ̀ òfúrufú balẹ̀. Ìyá àgbà ń kí wọn lọ, ní ojúlé dé ojúlé, wọn kò fo ẹnì kankan. Mùyínátù ń ka ìṣẹ́jú. Mo rí i pé àwọn tó mú mi pẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣí ọ̀nà fún mi.

Àgbàlá ẹ̀yìn Bàbá Onílẹ̀kùn ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló kù, ó dá gedegbe. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí Bàbá ti kàn ti kún ẹnu ọ̀nà àbájáde, bí méjìlá, wọ́n gbára lé ara wọn. Bàbá Onílẹ̀kùn fúnra wọn jókòó sábẹ́ ìsọ̀ wọn. Wọn kò dìde.

"Ọ̀nà dí," ni wọ́n sọ. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

Mùyínátù kò ka ìṣẹ́jú mọ́.

"Àkànní," ni ìyá àgbà wí, "padà sẹ́yìn."

Mo rò pé wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Mo fi ọkọ̀ padà sẹ́yìn títí dé ibi tí a gbà wọ àgbàlá náà. Omi ti wà lójú mi. Mo fẹ́ yí ọkọ̀ padà, wọ́n fi ìka gbá ẹ̀yìn ìjókòó mi.

"Níbo lò ń lọ? Yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀. A ò tíì kọjá níbí. Ìsinsìnyí la fẹ́ kọjá."

Mo yí tèmi wálẹ̀. Mùyínátù yí tiẹ̀ wálẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó yí èyí tó kù. Òjò ń wọlé bá wa. Ìyá àgbà tún un gbá, lẹ́ẹ̀mejì. "Bìsìmílà. Ó yá."

Mo rọra wa ọkọ̀ bọ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí a kan Bàbá Onílẹ̀kùn, mo dúró. Ìyá àgbà yọ orí àti èjìká síta sínú òjò, gèlè wọn rin gbindin.

"Bàbá Onílẹ̀kùn, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó, àwa là ń kọjá. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ kí yín. Ọ̀fìnkìn ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ní kó pa gíláàsì dé."

Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi.

Bàbá Onílẹ̀kùn wá kọjú sí ìyá àgbà. "Ìyá, ọdún méjì lẹ fi ń bọ̀."

"Ọ̀nà ló dí. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin náà, ọmọ fẹ́ lọ ṣèdánwò."

Bàbá Onílẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó jáde. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ kú ìrìn o. Àkànní, dìde nínú ẹrẹ̀." Wọ́n pe àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ń gbé ìlẹ̀kùn kúrò ní kánmọ́kánmọ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tó kẹ́yìn, Bàbá fọwọ́ ara wọn gbé e.

Kò ṣẹ́ku ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kó di aago mẹ́sàn-án nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Obìnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò wo àyà mi, ó wo ẹrẹ̀ tó bò ó.

"Kí ló ṣe yín, ọ̀gbẹ́ni?"

Mo ní, "Àgbà ni mo kí."

Ó yẹra fún mi. Ó ní, "Ẹ wọlé."

Mo yege. Ọjọ́ tí èsì jáde, mo gba Ọjà'ba lọ tààrà, mo sì kúnlẹ̀ níwájú àtẹ ọṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò fò sókè. Wọ́n parí ọṣẹ tí wọ́n ń dì, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀. Kò sí ẹni tó wà lọ́nà tí a ò kí."

Láti ọjọ́ ìdánwò yẹn, ó di ìdíje láàárín ìyá àgbà àti Bàbá Onílẹ̀kùn, ta ni yóò kọ́kọ́ kí èkejì. Bàbá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa retí ìró ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kì í dúró ká dé ibẹ̀. Ó ku ilé méjì ni wọ́n á ti ké e síta: "Bàbá Onílẹ̀kùn, ẹ káàárọ̀ o." Bàbá á gbá itan. "Ìyá, ìrẹ́jẹ lèyí." Ọdún mẹ́rìndínlógún, Bàbá kò ṣáájú wọn rí.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá àgbà kírun Àsùbáà, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọn kò dìde mọ́. Kí oòrùn tó ga, a ti gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìrun òkú, a sì ń gbé wọn padà bọ̀ wá sí agboolé wa, níbi tí a ti gbẹ́ sàréè wọn. Bọ́ọ̀sì kan ni a yá. Èmi ni mo wà á. Kí n tó gbéra, mo yí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀, mo sì fi ìka gbá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

N kò lè sáré. Èèyàn dúró láti Ọjà'ba dé Beyerúnkà. Onídìrí dúró, ìlarun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ takisí tò sẹ́yìn wa, ọkọ̀ lé ní ogójì, kò sí ẹni tó tẹ fèrè. Mò ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kí wọn lójúlé dé ojúlé. Orí mi wú. N kò rí ọba tí wọ́n kí bẹ́ẹ̀ rí.

Ojú Bàbá Onílẹ̀kùn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ó ku ilé méjì ká dé ibẹ̀ nígbà tí mo rí i pé wọ́n di férémù ìlẹ̀kùn mú, wọ́n dìde dúró. Wọ́n ké e síta pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára wọn.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí yín lónìí."

Mo dá ọkọ̀ dúró. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn dúró. Mo yọ orí síta, mo bá ìyá àgbà dáhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pa gíláàsì dé, tí mo ń kọjá, tí mo ń tètè dé. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Lánàá, mo kọjá níwájú ilé Bàbá Onílẹ̀kùn, mo rí ọwọ́ tí wọ́n gbé sókè, n kò sì dúró.

Lọ́la, n ó yí gíláàsì wálẹ̀ kó tó ku ilé méjì. N ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.